Èébú inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́: ibi tí a lè gé, ibi tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Kásẹ́ẹ̀tì ṣì kún páálí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹ̀pẹ́: wákà, àpàlà, wáàsí, orin ọdún Kayokayo, orin ìsìnkú àgbà. Àwọn ọmọ fẹ́ gbé e sórí WhatsApp, wọ́n wá gbọ́ ibi tí olórin ti fi arọ bú èèyàn, tàbí tó ti fi àìrọ́mọbí ta obìnrin lójú. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí ojúlówó kọ́kọ́ wà ní ìpamọ́ láìdín, láìlé.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń mú kí téèpù bu. Bí ẹ bá rí funfun lára rẹ̀ láti ojú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má tíì fi sínú ẹ̀rọ, torí ìdọ̀tí náà yóò lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ (irin kékeré tó ń ka téèpù), yóò sì ran kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e. Èyí tó bá mọ́, ẹ ṣẹ́ etí kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba ohùn mìíràn lé e. Ẹ yí i dé òpin, kẹ́ ẹ tún yí i padà, kí èyí tó ti lẹ̀ mọ́ra lè tú. Ẹ fi òwú àti ọtí ìnu-nǹkan tí wọ́n ń pè ní isopropyl nu orí ẹ̀rọ.

Ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ gba ohùn náà pẹ̀lú Audacity, ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ní WAV (irú fáìlì tí kì í dín ohùn kù), 96 kHz, 24 bit. Wákàtí kan yóò gbà tó 2 GB. Ibi tó bá pariwo jù kò gbọdọ̀ kọjá −6 dB lójú òṣùwọ̀n ohùn. Ohùn tó bá ti ya nígbà tí ẹ ń gbà á kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Fáìlì àkọ́kọ́ yìí ni ojúlówó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà kejì ni kẹ́ ẹ ti dín ariwo ṣììì kù. 6 dB ti tó. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọnù, torí ariwo lásán ni kọ̀ǹpútà ka ohùn rẹ̀ sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni “s” àti “ṣ” yóò máa parẹ́ lẹ́nu olórin.

Ẹ̀dà kẹta nìkan ni ẹ lè gé. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: wọ́n pa ẹnu olórin mọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n gángan yóò tún èébú náà pè, ẹlẹ́gbè yóò sì gbè é. Ẹni tó gbọ́ ìlù ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gé odidi ìlà, láti ibi tí olórin ti dá a títí dé ibi tí ègbè àti ìdáhùn ìlù ti parí. Ojú ibi tí ọ̀pá ti kan awọ ni kẹ́ ẹ gé sí, kẹ́ ẹ sì fi 20 mílísẹ́kọ́ńdì da ojú méjèèjì pọ̀, kó má baà ta “tá”. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tuntun sẹ́nu olórin láéláé.

Kí ló wá yẹ ní gígé? Orúkọ ẹni tó ṣì wà láàyè tí wọ́n pè ní olè. Fún èyí tó kù, ìkéde ṣókí níbẹ̀rẹ̀ ti tó: ọdún tí wọ́n gbà á, ibi tí wọ́n ti gbà á, ìṣẹ́jú tí èébú wà. Bí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ bá fi orin ta Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwọn tó bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè ní 1851, wá, ìtàn ìlú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àgbà ìhà méjèèjì gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Oríkì kò ṣeé gé rárá. Ohun tó jọ èébú nínú rẹ̀, ìwúrí ni fún ọmọ onílé.

Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ gé sílẹ̀: ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀, ìdí, ẹni tó pinnu. Ẹ tọ́jú ojúlówó fáìlì sí ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e dúró lóòró níbi gbígbẹ, jìnnà sí sípíkà, torí mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè pa ohùn rẹ́.