Nígbà Tí Ẹ̀rọ Àtúnṣe Ohùn Bá Ń Fa Orin Gba Ibi Tí Kò Yẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Kíì, Skéèlì àti Kọ́ọ̀dù

Ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe kò mọ orin. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: á gbọ́ ohùn yín, á wo nóòtì tó sún mọ́ ọn jù nínú èyí tí ẹ yọ̀ǹda fún un, á sì fa ohùn náà lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá kó nóòtì orin mìíràn lé e lọ́wọ́, tọkàntọkàn ni yóò fi ba tìyín jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé nóòtì wo lẹ gbé fún un, kí n tó bi yín ní ohunkóhun mìíràn. Nóòtì tí orin sinmi lé àti àwọn tó ń bá a rìn là ń pè ní kíì, bí a bá tò wọ́n tẹ̀ léra wọn, skéèlì nìyẹn, bí a bá tẹ mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ọ̀dù nìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo lo ohun èlò tó ń wá kíì fúnra rẹ̀, ó ní G méjọ̀ ni orin mi. Gbogbo rẹ̀ dùn, àfi ọ̀rọ̀ kan nínú ègbè. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ á gbé e sókè, nígbà mìíràn á já a wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni mo ń gbà kọ ọ́. Orí D ni orin náà ń parí sí. Ṣé plugin mi, ìyẹn ẹ̀rọ àtúnṣe ohùn inú kọ̀ǹpútà, ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. D méjọ̀ ni orin yín. Ẹ fi méjèèjì wéra: D méjọ̀ ní D, E, F♯, G, A, B àti C♯, G méjọ̀ ní G, A, B, C, D, E àti F♯. Mẹ́fà nínú méje bára mu, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi fura. Ẹyọ kan tó kù ló ń jà: orin yín ń fẹ́ C♯, C lásán lẹ gbé fún ẹ̀rọ.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn. Láti bọ́tìnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù dé èyí tó tẹ̀ lé e gan-an, ìbáà jẹ́ funfun tàbí dúdú, là ń pè ní ìdajì ìgbésẹ̀; àmì ♯ sì ń sọ pé a fi ọ̀kan gbé nóòtì sókè. Ìdajì ìgbésẹ̀ kan jẹ́ sẹ́ǹtì 100, méjìlá wọn ló sì wà nínú octave kan, ìyẹn láti nóòtì kan dé olórúkọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e lókè. C♯ tí ẹ kọ fi sẹ́ǹtì 100 jìnnà sí C tó wà nísàlẹ̀, ó sì fi sẹ́ǹtì 100 jìnnà sí D tó wà lókè. Àárín gbùngbùn lẹ dúró sí. Bí ohùn yín bá fi bíńtín wálẹ̀, ó di C. Bó bá fi bíńtín gòkè, ó di D. Kò sí akọrin tí ohùn rẹ̀ ń dúró sójú kan bí ìṣó, nítorí náà lónìí òkè, lọ́la ìsàlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ń ṣe báyìí, ẹ má tíì fọwọ́ kan Retune Speed, ìyẹn bọ́tìnì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń yára fa ohùn tó. Ẹ mú kíì tí ẹ̀rọ fún yín, ẹ ka a láti ‘do’ dé ‘so’, kí ẹ sì fi ‘so’ yẹn ṣe kíì tuntun. Láti G, D nìyẹn. Bí kò bá ṣe é, ẹ dán ‘fa’ wò, ìyẹn C. Àwọn méjèèjì yìí ni aládùúgbò: nóòtì ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ya wọ́n sọ́tọ̀ sí kíì tí ẹ wà.

Ní tèmi, etí ni mo fi ń wá kíì. Mo máa ń jẹ́ kí bíìtì lọ dé òpin, máa wá kùn nóòtì tí orin sinmi lé, máa sì wá a lórí kíbọ́ọ̀dù. Ilé orin nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ohun méjì péré ni mo ń wò. Àkọ́kọ́, láti ilé dé nóòtì kẹta, ṣé ìdajì ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni, tàbí mẹ́ta? Mẹ́rin ni méjọ̀, mẹ́ta ni máínọ̀. Èkejì, nóòtì keje tó wà lábẹ́ ilé, ṣé ìdajì ìgbésẹ̀ kan ló fi wà nísàlẹ̀ ilé, tàbí méjì? Ẹ̀yìn ìdáhùn méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ orin ò ní ibi tó lè sá sí mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ ní C méjọ̀, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa ní A máínọ̀. A ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì. Nóòtì méje kan náà ni wọ́n ń lò, gbogbo rẹ̀ funfun lórí kíbọ́ọ̀dù. Ilé ni kò bára mu. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ mọ ilé, ẹ̀rọ ò nílò rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, bákan náà ni yóò ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni yẹn ní ìbéèrè kan: kọ́ọ̀dù wo ló máa ń tẹ̀ kó tó padà sí A máínọ̀? Bó bá ní E méjọ̀, ọ̀rọ̀ kù. E méjọ̀ jẹ́ E, G♯ àti B, G♯ kò sì sí nínú C méjọ̀ tàbí A máínọ̀ lásán. Ibi tí ẹ bá ti kọ G♯ lórí kọ́ọ̀dù yẹn ni ẹ̀rọ yóò ti gbé yín já sí G tàbí A. Skéèlì tó gba G♯ ni wọ́n ń pè ní harmonic minor: A, B, C, D, E, F, G♯. Ẹ má wá sáré fi í sí gbogbo orin o. Bí ẹ bá kọ G lásán lórí kọ́ọ̀dù C tàbí G níbòmíràn, G♯ ló sún mọ́ ọn jù, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò sì gbé e lọ. Ẹ ò tíì tún nǹkan kan ṣe, ẹ kàn gbé ìṣòro láti yàrá kan sí òmíràn ni.

Èyí tí mo fara mọ́ ni kí ẹ ya iye àkókò tí kọ́ọ̀dù E ń gbà sọ́tọ̀, kí G♯ ṣí níbẹ̀ nìkan, kí G sì tì. Automation inú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, tó ń yí bọ́tìnì padà fúnra rẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, lè ṣe é láìsí wàhálà. Tí orin bá sì gbé kíì sókè ní ègbè ìkẹyìn, ọgbọ́n kan náà ni.

Kì í ṣe orin máínọ̀ nìkan ni èyí kàn. Ẹ kọ gbogbo kọ́ọ̀dù orin sílẹ̀, ẹ kọ nóòtì mẹ́ta tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí tí kò sí nínú kíì. Bí orin C méjọ̀ bá lọ C, D méjọ̀, F, C, ìlà yóò bọ́ sábẹ́ F♯ tó wà nínú D. Kọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé e tún ń fẹ́ F lásán. Kò sí skéèlì méjọ̀ tàbí máínọ̀ kan tó lè gba àwọn méjèèjì pẹ̀lú nóòtì yòókù inú kọ́ọ̀dù wọ̀nyí, bó ti wù kí ẹ wá a tó.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, orí D ni orin wa sinmi lé, nóòtì kẹta rẹ̀ sì ga bíi ti méjọ̀. Ṣùgbọ́n gìtá ń tẹ kọ́ọ̀dù C méjọ̀ léraléra. Bí mo bá yan D méjọ̀, gbogbo C mi bàjẹ́. Bí mo bá yan D máínọ̀, F♯ mi bàjẹ́. Plugin mi ò ní ju méjọ̀, máínọ̀ àti chromatic (èyí tó ṣí gbogbo nóòtì méjìlá sílẹ̀) lọ.

Ìdáhùn: Ẹ yan G méjọ̀, kí ẹ máa kọrin yín lọ. G méjọ̀ tó ba ègbè ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ yẹn ló máa tún tìyín ṣe, bẹ́ẹ̀ orí D lẹ̀yin méjèèjì jọ ń gbé.

Mixolydian lorúkọ ohun tí ẹ ń kọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Gíríìkì dẹ́rù bà yín. Mode kò ju pé ká mú nóòtì méje méjọ̀ kan, ká wá kọ́lé sórí òmíràn nínú wọn tí kì í ṣe ‘do’. Ilé lórí ‘re’ ni Dorian, lórí ‘mi’ ni Phrygian, lórí ‘fa’ ni Lydian, lórí ‘so’ ni Mixolydian. Lórí ‘la’, ó di Aeolian, ìyẹn máínọ̀ lásán tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tó kù, Locrian, wà lórí ‘ti’, kọ́ọ̀dù ilé rẹ̀ kì í fara balẹ̀, nítorí náà ẹ lè má pàdé rẹ̀ láé.

Ẹ̀rọ yín kò ní láti mọ ọ̀kankan nínú orúkọ wọ̀nyí. Ìbéèrè tí ẹ máa bi ara yín ni pé: bí ilé wa bá jẹ́ ‘so’, níbo ni ‘do’ wà? D ni ‘so’, G ni ‘do’. Bí ilé bá jẹ́ A tó sì jẹ́ ‘re’, G náà ni ‘do’. Bó bá jẹ́ E tó jẹ́ ‘mi’, C ni. Méjọ̀ ‘do’ yẹn ni kẹ́ ẹ yàn.

Dorian ló ń dá àwọn èèyàn láàmú jù láìmọ̀. Orin wà ní A máínọ̀, gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gìtá ń tẹ D méjọ̀ dípò D máínọ̀. F♯ ti wọlé nìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n yan A máínọ̀ fún á sì máa lé e kiri láàárín F àti G.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú fi í sí chromatic, kí n sinmi?

Ìdáhùn: Bí ohùn yín kì í bá fi sẹ́ǹtì 50 ṣìnà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá kọjá 50, nóòtì aládùúgbò ló sún mọ́ yín jù, ẹ̀rọ á sì so yín mọ́ àṣìṣe yẹn gbọnin-gbọnin. Ẹni tí ohùn rẹ̀ tọ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà nílò ẹ̀rọ púpọ̀.

Ìbéèrè: Kò sí kíì tó bá orin mi mu. Mo ti dán méjèèjìlá wò, ní méjọ̀ àti máínọ̀. Ohùn àti bíìtì kàn ń fara gbún ara wọn ni.

Ìdáhùn: Bíìtì yín ló wà láàárín nóòtì méjì. A tó wà lókè C àárín kíbọ́ọ̀dù ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iye yìí sì ni ẹ̀rọ gbà gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n bí ẹ kò bá yí i padà. Bí ẹni tó ṣe bíìtì bá fi 432 ṣe òdiwọ̀n tirẹ̀, sẹ́ǹtì 32 ló fi wà nísàlẹ̀ tiyín. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 440 sí nínú plugin, kí ẹ sọ ọ́ di 432.

Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹ wo sample rate, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ìró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáìlì tí a ṣe ní 44,100 tí ẹ̀rọ wá ń kà bíi 48,000 yóò yára ju bó ti yẹ lọ, yóò sì fi sẹ́ǹtì 147 gòkè. 47 tó lé lórí 100 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín nóòtì méjì, ìdí nìyẹn tí kò fi sí kíì tó gbà á. Ẹ gbé fáìlì náà wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i bó ti tọ́. Ẹ má fi òdiwọ̀n tún irú èyí ṣe.

Ìbéèrè: Àpótí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo ń lò, gìtá mi wọ inú rẹ̀ kó lè mọ kọ́ọ̀dù, kó sì fi ohùn kejì gbè mí. Ó máa ń kọ máínọ̀ lé orin méjọ̀ mi lórí.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé okùn méjì tàbí mẹ́ta nìkan lẹ ń tẹ̀, irú èyí tí àwọn onírọ́ọ̀kì fẹ́ràn: nóòtì kìn-ín-ní àti ìkarùn-ún láìsí ìkẹta. Ìkẹta ló ń sọ bóyá méjọ̀ tàbí máínọ̀ ni kọ́ọ̀dù. Ẹ fi pamọ́, àpótí sì ń méfò. Bí kọ́ọ̀dù bá ti yí, ẹ kọ́kọ́ lu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó padà sí àṣà yín.

Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi ń yan kíì, tí ẹ sì há kápò mọ́ ọrùn gìtá, ohun tó ń dún ni kẹ́ ẹ yàn, kì í ṣe bí ìka yín ṣe rí. Kápò ní ojú kejì, ìka ní G: A ló ń dún.

Ìbéèrè: Ohùn mi nípọn, ó sì lọ sílẹ̀. Lójijì ni ẹ̀rọ á fò ó sókè ní odidi octave.

Ìdáhùn: Ẹ wá ibi tí a ti ń yan irú ohùn, kí ẹ yan ohùn ọkùnrin tó lọ sílẹ̀. Andy Hildebrand, ẹni tó ṣe Auto-Tune, ẹ̀rọ àtúnṣe ohùn tó jáde ní 1997, ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lórí ìró tí wọ́n ń rán wọnú ilẹ̀ láti fi wá epo rọ̀bì. Irú ìṣirò yẹn náà ló gbé wá sídìí ohùn: ẹ̀rọ ń wá ibi tí ìgbì ohùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń ti ibẹ̀ mọ nóòtì. Bó bá rò pé ìgbì ti tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tó ṣì wà ní ìdajì, octave òkè ni yóò kà. Ariwo bíìtì tó jò wọ máìkì àti gbohùngbohùn yàrá ń dá kún un, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí ṣáájú reverb, èyí tó ń fi gbohùngbohùn kún ohùn.

Ìbéèrè: Ibi tí mo ti ń fa ohùn láti nóòtì kan dé èkejì ti di àtẹ̀gùn.

Ìdáhùn: Retune Speed yín wà ní 0, àbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ọ́mọ̀ wá ohùn róbọ́ọ̀tì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20, kí ẹ máa gbé e lọ sókè títí ohùn tí ẹ ń fà yóò fi dán.

Àtẹ̀gùn náà ní ìgbésẹ̀ tó pọ̀ tó nóòtì tí ẹ ṣí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ ti àwọn tí ohùn kàn ń gbà kọjá. Ní ti ohùn tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sáàárín máínọ̀ àti méjọ̀, bí àwọn akọrin blues ti ń ṣe, ẹ ṣọ́ra: nínú Auto-Tune, Remove àti Bypass kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ bá fi Remove yọ nóòtì, ẹ̀rọ á gbé ohùn yín fún aládùúgbò rẹ̀. Bypass ló máa fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́.