Ìyàwó tó fọwọ́ sí i kì í ṣe ìwé àṣẹ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń ṣe fáyáwọ́ọ̀kì nílé

Èmi kọ́ ni mò ń ṣe fáyáwọ́ọ̀kì nínú ilé wa. Ọkọ mi ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run yìí ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù, èmi ni mo sì ń gbè é lẹ́yìn. Èmi ni mo máa ń pàtẹ́wọ́, èmi náà ni mo máa ń dá àwọn ẹbí lóhùn tí wọ́n bá bi mí bóyá orí ọkọ mi pé. Ẹ má rò pé ọ̀tá iṣẹ́ yín ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí ohun kan: ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá jà lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń ṣọ́ra. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ gbà fún ló máa ń ki àṣejù bọ̀ ọ́. Bákan náà ló rí fún obìnrin tó ń ṣe é tí ọkọ rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn.

Ẹ má sọ "mo gbà" di "mo gbà fún ohun gbogbo"

Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ bi mí, yàrá kékeré tó dá dúró lẹ́yìn ilé ni mo ní kó máa lò. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mo wọ ilé ìdáná, tí mo rí ajọ̀ mi lójú fèrèsé, níbi tí n kì í gbé e sí. Ó ti fọ̀ ọ́, ó mọ́ lójú. Mo wá fi ìka tọ́ etí rẹ̀, níbi tí wáyà ti wọ inú igi, ìka mi dúdú.

"Èédú lásán ni," ó ní.

Lọ́jọ́ yẹn, èédú ni lóòótọ́. Lọ́jọ́ mìíràn ńkọ́? Irin kan tí wọ́n ń pè ní barium ló ń mú kí iná náà ní àwọ̀ ewé tútù, ọ̀pọ̀ èròjà rẹ̀ sì jẹ́ májèlé fún ẹni tó bá gbé e mì. Àwọn ìràwọ̀, ìyẹn kóró àdàlù kéékèèké tó ń jó lójú ọ̀run, tó máa ń ta pàràpàrà lókè, òjé wà nínú àwọn kan nínú wọn, òjé ò sì mọ ọmọdé lójú. Ọpọlọ ni í bá jà. Perchlorate, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó ń fún iná ní atẹ́gùn, ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí iodine tó ara ń fẹ́ dé inú ẹ̀yà ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid. Nínú ajọ̀ tí mo fi ń jọ ìyẹ̀fun ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná kúrò. Chlorate, òun náà ń fún iná ní atẹ́gùn, kò gbọ́dọ̀ pàdé imí ọjọ́. Tí wọ́n bá pàdé, kí nǹkan kan ṣáà gbò wọ́n díẹ̀, wọ́n á gbiná. Ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni rárá. Láti ọdún 1894 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka àdàlù àwọn méjèèjì léèwọ̀. Ajọ̀ kan ṣoṣo tó ń ti orí èyí bọ́ sórí ìyẹn ni yóò bá wọn ṣe alárinà. Nítorí náà, ohun èlò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní èròjà tirẹ̀, kí ẹ kun ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀dà kó má bàa sí àṣìmú, kó má sì padà sí ilé ìdáná láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ìlọta, ṣíbí àti òṣùwọ̀n. Aṣọ iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ bá aṣọ àwọn ọmọ wọ inú omi kan náà. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀, kó fọwọ́ kó tó gbé ọmọ.

Ẹ má pè wá wọ yàrá iṣẹ́

"Wá bá mi di ibí mú." Ìfẹ́ ló ń mú yín sọ ọ́, ìfẹ́ ló sì ń mú wa dáhùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dáhùn, ọkọ mi wọ aṣọ òwú láti òkè dé ilẹ̀. Èmi wọ bùbá tó ń dán, irú aṣọ tí èèyàn máa ń bọ́ lóru tí yóò máa ta tà-tà-tà, tí èèyàn á tún rí iná wínníwínní lára rẹ̀. Iná wínníwínní yẹn ti tó láti tan àwọn àdàlù kan. Kò sì sọ fún mi. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa mí. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà débi pé ó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó fi fáyáwọ́ọ̀kì ṣe iṣẹ́ jẹun ní ìlànà kan tó ti pẹ́: kí èèyàn tó kéré jù lọ wà nítòsí ẹ̀tù tó kéré jù lọ, fún ìgbà tó kúrú jù lọ. Nínú ilé tiyín, èèyàn kan ti tó. Kí ẹnì kejì wà níbi tí yóò ti gbọ́ igbe, tí nǹkan kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni méjì tó bá jọ fara pa, ta ni yóò pe panápaná?

Ohun tó yẹ kí ẹ fún wa nìyẹn dípò kí ẹ ní ká wá di nǹkan mú: ẹ sọ ohun tí a ó ṣe fún wa. Mo bi ọkọ mi lọ́jọ́ kan pé, "Tí yàrá yẹn bá gbiná, kí ni kí n ṣe?" Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "O lè bu omi." Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà mọ̀ pé ohun tí òun sọ kò dáa. Irin lẹ́búlẹ́bú bí aluminiọ́mù àti magnesium, tó bá ń jó tí omi bá kàn án, gáàsì hydrogen ni í yọ jáde, hydrogen náà á sì gbiná. Ẹ̀tù fúnra rẹ̀ ti gbé èròjà tó ń mú iná jó dání, ẹni tó bá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó ń fi àkókò ṣòfò ni. Ìdáhùn tó tọ́ ni pé ká sá, ká kó àwọn ọmọ jáde, ká pe panápaná, ká sì sọ ohun tó wà nínú yàrá fún wọn. Bébà kan tí orúkọ àwọn èròjà wà lórí rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa báyìí. Iná tó bá jó ara, omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20. Kò sí òróró, kò sí ọṣẹ ìfọyín.

Àdàlù tó ń dún bí àrá, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bù yẹ̀rì, kò wọ ilé wa o. Ìyẹn, òfin tèmi ni. Mi ò ṣàlàyé, kò sì bi mí mọ́.

Ẹ má fi ìjàǹbá kékeré pamọ́

Èéfín nìwà. Ọkọ mi jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìpéǹpéjú ọ̀tún ti jó tán, ó ní iná gáàsì ló bù yọ nígbà tí òun ń se tíì. Èmi ni mo sì se tíì lọ́jọ́ yẹn. Mi ò bínú nítorí ìpéǹpéjú, ìyẹn á hù. Ohun tó dùn mí ni pé láti ọjọ́ yẹn, nígbàkígbà tó bá ní "kò sí nǹkan kan", ojú rẹ̀ ni mò ń wò, n kì í gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ó gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó tán. Ìpéǹpéjú tó jó ń sọ nǹkan kan: pé orí ti wà níbi tí kò yẹ kó wà. Tó bá sọ ọ́, a jọ máa wá ìdí rẹ̀.

Ẹ má kó o wọlé

Nítorí pé a kì í kùn, ẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ibi ìpamọ́ ohun abúgbàù wà nínú ilé tí èèyàn ń gbé. Òfin orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ọ̀pọ̀ ibi ló sì wà tó jẹ́ pé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹyọ kan. Ẹ wádìí tiyín kí ẹ tó po ohunkóhun, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ hàn wá, nítorí àwa ni a máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọlọ́pàá.

Ẹ má fi ìyìn wa ṣe ìdánwò

Gbogbo rẹ̀ ló máa ń dára lójú mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ni kí n wá sọ? Ọdún kan wà tí mo ní àwọ̀ búlúù rẹ̀ wù mí, ó sì ń lé búlúù kiri látìgbà náà. Búlúù ló sì le jù nínú gbogbo àwọ̀: èròjà bàbà tó ń mú un jáde kì í lè dúró tí iná bá ti gbóná jù, á tú ká, àwọ̀ á sì ṣí bí aṣọ àlòkù. Ìyìn mi ló ń tì í dé ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì dé.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló yẹ kó máa wo iṣẹ́ yín. Ẹgbẹ́ Pyrotechnics Guild International ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1969, wọ́n sì ń ṣe àpéjọ lọ́dọọdún. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké náà wà káàkiri. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbà kan á wo páìpù tí ẹ fi ń yìn ín, á ní ẹ dà á nù, kò sì ní ronú pé ẹ̀yin méjèèjì jọ máa sùn sórí ibùsùn kan lálẹ́. Fídíò kì í wo ọwọ́ ẹni tó ń wò ó.

Ti òru ńkọ́? Tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ lọ sùn. "Ìyàwó mi ti sùn, kò ní dí mi lọ́wọ́" ni gbólóhùn tó ń já mi láyà jù.

Ẹ má já ara yín gbà lọ́wọ́ ẹni tó ní kí ẹ dúró

Ọdún tó kọjá, a jáde lọ yìn ín ní pápá tí wọ́n gbà wá láyè láti lò. Fáyáwọ́ọ̀kì oníńṣì 3 tí wọ́n ń yìn láti inú páìpù ni. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìwòran gbangba ni pé kí àwọn òǹwòran jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà 70 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 210 fún irú èyí. Ọkọ mi wọn ọ́n, ó tún fi kún un. Ó tan òwú iná rẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ kí orí rẹ̀ kọjá lókè ẹnu páìpù, ó sì sáré padà wá bá mi. Òwú náà jó wọlé. Kò sí nǹkan kan.

Ó ṣíṣẹ̀. Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ó ti kú," ó ní.

Iná lè wà nínú rẹ̀ tó ń jó pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láìhàn. Ìṣẹ́jú 30 ni àdéhùn wa, lẹ́yìn náà omi púpọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. A jókòó sórí àga. Ó ń wo aago, ó ń pòṣé, ó ń sọ fún mi pé òun ló ṣe é, òun ló mọ̀ ọ́n. Mo ní mo gbọ́. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wá. Mo ní kó jókòó, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún.