Bí Mo Ṣe To Ìdérí Ìgò Di Iṣẹ́ Ọnà

Òfin ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí n tó ṣa ìdérí kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń kó nǹkan jọ láìlófin, ilé rẹ̀ ló kàn ń kún. Òfin tèmi rèé: ìdérí ìgò oníke nìkan, èyí tí wọ́n ti ṣí tí wọ́n sì ti jù nù, n kò ní ra ọ̀kankan, n kò sì ní kun ọ̀kankan lọ́dà.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ti la ọ̀nà yìí ṣáájú. Ní 1914, Marcel Duchamp ra irin tí wọ́n fi ń sá ìgò ní Párís, ó ní iṣẹ́ ọnà ni bó ṣe wà yẹn. Ní Beijing ní 2005, Song Dong pàtẹ ẹrù tó lé ní 10,000 tí ìyá rẹ̀ kó pamọ́ sílé. Èyí tó sún mọ́ tèmi jù ni ti Tony Cragg, tó ṣa àfọ́kù ike ní 1978, tó sì tò wọ́n sílẹ̀ bí àwọ̀ òṣùmàrè ṣe tẹ̀ léra. Iṣẹ́ náà rẹwà lójú mi gan-an, síbẹ̀ n kò fẹ́ fi àwọ̀ to tèmi. Àwọ̀ máa ń tètè fa ojú, ojú kì í sì í fẹ́ wá nǹkan mìíràn mọ́.

Omi ọṣẹ ni mo fi fọ̀ wọ́n. Ike ìdérí fúyẹ́ ju omi, ó ń léfòó. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò fúnra rẹ̀ wúwo ju omi, ó ń rì. Bí àfọ́kù ọrùn ìgò bá wà láàárín wọn, ìsàlẹ̀ abọ́ ló ń lọ, mi ò ní láti máa ṣà á.

Ìgbà tí wọ́n gbẹ ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ìdérí kan padà kí ẹ wo inú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: ẹ óò rí nọ́ńbà tíńtín níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ilé iṣẹ́ kì í ṣe ìdérí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó ń sọ ike di ìdérí, lè ní ihò 48, 72 tàbí 96, tí gbogbo wọn á jọ yọ ìdérí jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ihò kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tí ìdérí kan bá ń jò, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ihò tó ní àléébù. Orí ìdérí náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tó ní ojú kékeré láàárín tí ìka lè mọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún ike yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù. Èyí tí àárín rẹ̀ dán láìlójú, ó sábà máa ń jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fi mọ́ọ̀dù tẹ ègé ike gbígbóná.

Mo wá fi nọ́ńbà tò wọ́n. Pupa, búlúù àti funfun jọ wà lórí ìlà kan náà, nítorí ihò 17 ni gbogbo wọn ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́ọ̀dù wọn lè yàtọ̀. Inú wọn ni mo jẹ́ kó kọjú sí àwọn èèyàn lórí pákó, kí nọ́ńbà lè hàn. Mo fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà tí n kò tíì rí. Àwọn tí nọ́ńbà wọn ti pa rẹ́ ní ìlà tiwọn nísàlẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo rí àwọn tó wá wò ó tí wọ́n ń tẹ̀ síwájú láti kà á, nítorí gbogbo wọn ti ṣí irú rẹ̀ rí láìwo inú rẹ̀.

Láti oṣù Keje 2024, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní kí ìdérí máa so mọ́ ìgò oníke ohun mímu tí kò ju líta 3 lọ. Ìdérí bẹ́ẹ̀ kì í dá wà nílẹ̀ mọ́. Mo ti fi ẹsẹ̀ tuntun kún òfin mi: èyí tí mo bá rí, mo máa gé ọrùn ìgò rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì máa kó wọn sórí pákó kejì.