Bí mo ṣe yanjú fáìlì tó ń dé láàbọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lásìkò project, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú náà, kì í gbèrò níbẹ̀. Mo bá a fi Node.js, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ lórí sáfà, kọ ojúlé wẹ́ẹ̀bù kékeré kan: akẹ́kọ̀ọ́ á fi PDF rẹ̀ ránṣẹ́, sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá ojúlé náà lóhùn) á ka iye ojú ewé, á sì sọ iye owó.

Node kì í dúró. Bí o bá ní kó kọ fáìlì sínú dísìkì, bí ìgbà tí o rán ọmọ lọ́jà ni: iṣẹ́ mìíràn lo máa gbá mú títí ọmọ á fi padà wá jíṣẹ́. Jíjíṣẹ́ yẹn ni callback. Èmi kò dúró gbọ́ iṣẹ́. Mo fi setTimeout, àṣẹ tó ń sún iṣẹ́ síwájú, dúró ìṣẹ́jú àáyá 2, mo sì ka fáìlì. Lórí laptop mi, kò sí wàhálà.

Ọjọ́ kejì tí a ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi pè.

"Àbúrò mi, ọmọbìnrin kan wà níwájú mi. Ó ní ojú ewé 84 ni iṣẹ́ òun, ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan kà. Ọ̀la ló fẹ́ fún supervisor ẹ̀."

Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sun dátà lé e lórí. Fáìlì rẹ̀ tó MB 30, fóònù ló sì fi ránṣẹ́. Ìparí PDF ni àtẹ tó ń júwe ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀ máa ń wà. Bí ìrù bá ṣì wà lọ́nà, orí tó ti dé kò wúlò. Mo sọ 2 di 10. Àwọn tó fi ojú ewé 3 ránṣẹ́ wá ń jókòó lásán, tirẹ̀ kò sì wọlé síbẹ̀.

Mo yọ setTimeout kúrò, mo tẹ́tí sí ìfitónilétí `end` lára `req`, ìyẹn ìbéèrè tó gbé fáìlì wá. Ó sàn, àmọ́ fáìlì kan méjì ṣì ń dín. Ìgbà yẹn ló tó yé mi: `end` ń sọ pé a ti gba gbogbo ohun tó ti íntánẹ́ẹ̀tì wá, `finish`, lára stream (ọ̀nà tí dátà ń ṣàn gbà) tó ń kọ fáìlì, ló ń sọ pé a ti kó o fún dísìkì tán. Ẹni tó gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà kọ́ ló tò ó sínú yàrá.

Mo wá lo `pipeline` inú `stream/promises`, tó ń so stream kan mọ́ òmíràn, tó sì ń dúró títí iṣẹ́ á fi parí:

```
try {
  await pipeline(req, fs.createWriteStream(ibi));
  ojuEwe = await kaOjuEwe(ibi);
} catch (e) {
  await fs.promises.unlink(ibi);
  throw e;
}
```

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, `pipeline` ń sọ fún mi, mo sì ń pa àjẹkù fáìlì rẹ́. `pipe` lásán, tó kàn ń so stream pọ̀, kì í sọ fún mi bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí ọmọ náà tún un fi ránṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi pè padà: "Ó ka 84."