Bí A Ṣe Lè Ya Àwòrán Ọ̀nà tí Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Rẹ́tínà Fi Ń Ránṣẹ́ Síra Wọn

Inú òkùnkùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán rétínà yìí, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ojú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé sẹ́ẹ̀lì ojú ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ ya cone kan, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń rí àwọ̀, sókè bébà. Nínú òkùnkùn, agbára iná ara rẹ̀ wà ní nǹkan bíi -40 mílífólùtì, ó sì ń tú glutamate, kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, jáde láìsinmi. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, àwọn ojú ihò tí sódíọ̀mù ń gbà wọlé yóò tì, iná náà yóò wálẹ̀ síhà -70, glutamate yóò sì dín kù. Ẹ kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó má baà fò yín.

Lábẹ́ cone náà, ẹ fi àlàfo tóóró sílẹ̀. Òun ni sínápúsì, ibi tí iṣẹ́ ti ń kọjá láti ara sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Ní òdìkejì àlàfo náà, ẹ ya sẹ́ẹ̀lì bipolar méjì, àwọn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ cone, nítorí ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Olùgbà (ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba glutamate) tó wà lára ọ̀kan jẹ́ irú èyí tí glutamate ń ta jí, nítorí náà òkùnkùn ni sẹ́ẹ̀lì yìí ń ròyìn: OFF nìyẹn. mGluR6, olùgbà irú mìíràn, ló wà lára èkejì, glutamate sì ń pa á lẹ́nu mọ́, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé tí glutamate dín kù ló ń rí àyè sọ̀rọ̀: ON nìyẹn. Glutamate kan náà ni o, olùgbà ló yàtọ̀. (Ẹ má fi rod, sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ríran nínú òkùnkùn, bẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì bipolar tirẹ̀, irú ON nìkan ni.)

Ẹ fa sẹ́ẹ̀lì horizontal kan gba ẹ̀gbẹ́ àwọn cone. Ó máa ń dín ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò kù, kí etí ohun tí à ń wò lè hàn ketekete. Sẹ́ẹ̀lì amacrine, tó ń bá bipolar àti ganglion ṣiṣẹ́, pọ̀ ní oríṣi ju ohun tí bébà kan lè gbà lọ, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ so bipolar kọ̀ọ̀kan mọ́ sẹ́ẹ̀lì ganglion tirẹ̀, tí okùn rẹ̀ ń lọ sí ọpọlọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan irú okùn bẹ́ẹ̀ ló ń jáde nínú ojú kan.

Láti dán àwòrán náà wò, ẹ nu mGluR6 kúrò. Ọ̀nà ON yóò dákẹ́, OFF yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ọ̀rọ̀ àwọn kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù nínú GRM6, jíìnì tí ara fi ń ṣe mGluR6, ṣe rí nìyẹn, tí wọn kì í fi í ríran dáadáa lóru.