Sísin Spirulina fún Àwọ̀ Búlúù Inú Oúnjẹ

Nínú àwọn adágún oníkáún tó wà ní Kanem, ní orílẹ̀-èdè Chad, nítòsí Adágún Chad, àwọn obìnrin máa ń kó ohun abẹ̀mí tíntìntín kan tó léfòó lójú omi, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí yanrìn kí ó gbẹ, wọ́n á sì tà á lọ́jà ní orúkọ dihé. Òun náà ni spirulina. Àwọ̀ ewé ló hàn sójú, ṣùgbọ́n búlúù tí wọ́n ń pè ní phycocyanin wà nínú rẹ̀, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún suwíìtì àti ṣingọ́ọ̀mù ní ọdún 2013.

Ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín tàbí yàrá ìwádìí ni kí ẹ ti gba irúgbìn, ìyẹn spirulina díẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Ẹ má bu omi ọ̀sà tàbí ti adágún wálé, nítorí àwọn ìbátan rẹ̀ kan ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí sísè kò sì lè mú kúrò. Ọpọ́n onírọ́bà tí omi rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 ti tó. Baking soda tí àwọn oníkéèkì ń lò, nǹkan bíi gíráàmù 16 sí lítà omi kan, ni yóò sọ omi náà di èyí tí ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn kò lè gbé. Káún ọjà kò ṣeé fọkàn tán, nítorí a kò mọ ohun tó pò mọ́ ọn. Náítíréètì, fọ́sífẹ́ètì àti irin díẹ̀ ni yóò máa jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lo omi òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da sodium carbonate sí i, kí ohun funfun inú rẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí ó tó dà á sẹ́.

Ooru ìwọ̀n 30 sí 35 lórí Celsius ló fẹ́ jù. Ẹ máa rò ó lójúmọ́, kí ẹ sì ṣíji bò ó lọ́wọ́ ọ̀sán nígbà tí kò bá tíì ki, nítorí oòrùn líle a máa pa á. Bí ẹ bá ri àwo funfun bọ inú rẹ̀, tí ẹ kò sì rí i mọ́ lẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà 2, ó tó kó. Aṣọ tí wọ́n hun pọ̀ dáadáa ni ẹ ó fi sẹ́ ẹ.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà nìyí. Purotéènì ni búlúù náà, bí ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná ni òun náà ṣe ń bàjẹ́, nítorí náà ẹ má gbé e súnmọ́ iná. Ẹ fi èyí tí ẹ sẹ́ sínú fìríìsà kí ó dì, ẹ jẹ́ kí ó yọ́, ẹ pò ó mọ́ omi tútù, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì tún un sẹ́. Búlúù ni omi náà yóò jẹ́, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, pupa díẹ̀ a máa kọ mànà nínú rẹ̀.

Ó dára fún àìsìkirìmù àti kírímù orí kéèkì tó tutù. Nínú ohun mímu kíkan, ńṣe ni yóò ṣù. Aláàdìrẹ kò sì gbọdọ̀ retí pé yóò ṣe iṣẹ́ ẹ̀lú, nítorí oòrùn yóò ṣí i kúrò lára aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ tà á fún jíjẹ ní Nàìjíríà, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ NAFDAC.