Ẹ má dúró de ọjà inú bàálù o

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ẹ má fi lọ́fíńdà tẹ́ ẹ fẹ́ rà dìgbà tẹ́ ẹ bá wọ bàálù. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù kan ti jáwọ́ nínú títa ọjà tí kò ní owó kọ́sítọ́ọ̀mù lójú òfuurufú. American Airlines ti pa tiẹ̀ tì láti 2015. Àbúrò mi ò mọ̀. Ọwọ́ òfo ló gbé dé Òkè-Fíà, ìyá wa sì ti ń retí lọ́fíńdà. Ó dùn mí fún àwọn méjèèjì.

Ṣọ́ọ̀bù pápákọ̀ òfuurufú ni kẹ́ ẹ ti rà á. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà, ẹ ṣọ́ra: ohun olómi tí ike rẹ̀ bá ju mílílítà 100 lọ, wọ́n lè gbà á níbi àyẹ̀wò. Ẹ ní kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ pa, kí rìsíìtì wà nínú rẹ̀, ẹ má sì já a títí ẹ ó fi dé Èkó. Èmi o, inú báàgì ńlá tó ń lọ sábẹ́ bàálù ni mo máa ń kó tèmi sí látilé.